Níbo Ni Oníbàárà Yín Dúró Sí? Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Aládìrẹ Lórí Ìkànnì àti Ìlú

Níbi ìpàdé àwọn aládìrẹ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wọn ṣe ìkànnì ní Abẹ́òkúta ni a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. A gbé e kalẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ kú ìpéjọ. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ kú ọjà, ajé á wọlé o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin aláró tí aró ṣì wà léèékánná yín báyìí, ẹ kú iṣẹ́, kò ní rẹ̀ yín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún mọ́ iwájú díẹ̀, àga ṣì pọ̀ níbí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì ayélujára àti ìlú. Bí èèyàn bá ṣí Google tó tẹ "àdìrẹ" sínú rẹ̀, kí ló ń fà á tí Google fi ń gbé ìsọ̀ ìlú kan jáde tí kì í gbé ti ìlú kejì? Báwo ló ṣe mọ̀ pé Abẹ́òkúta lẹ wà, pé ẹ ò sí ní Accra, pé ẹ ò sí ní Atlanta? Ṣé a lè sọ fún un? Bí a bá sọ, ṣé á gbọ́?

Ẹ má fòyà. Mi ò ní sọ èdè àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ibì kan wà tí mo máa pẹ́ níbẹ̀, àwọn ibì kan wà tí mo máa sáré kọjá. Ẹ ó fara dà á fún mi.

Ìbéèrè tó ṣáájú Google

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Google rárá, mo fẹ́ bi yín: ta ni oníbàárà yín? Ẹ má dá mi lóhùn pé "gbogbo ayé" o. Gbogbo ayé kì í ra aṣọ. Ẹnì kan ní í ra aṣọ, ibì kan sì ni ẹni náà dúró sí tó fi ń tẹ fóònù rẹ̀. Níbo ni?

Oníṣòwò kan wà nílùú yìí, kò sí níjòókòó lónìí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ó pè mí pé àwọn ọmọ òun ṣe ìkànnì tó rẹwà fún òun, pé àwọn èèyàn ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò rà. Mo ní kí wọ́n ṣí Search Console, ibi tí Google ti máa ń fi han ẹni tó ni ìkànnì irú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ tí wọ́n fi rí i, àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà. Kí la rí? Íńdíà ló ṣáájú, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ ra aṣọ, ti ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ ní aró ni. Àwọn tí ìyá yìí sì ń wá, àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn tó fẹ́ dá ankò fún ìnáwó, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ìkànnì náà pọ̀. Orúkọ rẹ̀ parí sí .com. Dọ́là ni wọ́n fi kọ iye aṣọ, torí àwọn ọmọ rò pé dọ́là ló ń jẹ́ kí ọjà níyì. Kò sí "Ìtòkú" níbẹ̀, kò sí "Abẹ́òkúta", kò sí "Ògùn". Nọ́ńbà fóònù kò sí. Fọ́ọ̀mù kan ló wà pé kí èèyàn kọ ìméèlì. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, "tie and dye" ni wọ́n sì ń pe àdìrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wò ó, bí ẹ bá jẹ́ Google, ìlú wo lẹ máa rò pé ẹni yìí wà?

Yorùbá ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò ti ìyá yìí fò kọjá ará ilé, ó lọ bá ará Mumbai.

Nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó máa rajà wọn gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò wá sí Ìtòkú, kó fọwọ́ kan aṣọ, kó ná an, kó gbé e lọ. Àwọn kan ń gba owó sí báńkì, wọ́n sì ń fi aṣọ rán awakọ̀ lọ sí Èkó, Ìbàdàn, Àbújá, Port Harcourt. Àwọn díẹ̀, díẹ̀ náà sì ni, ń tà fún àwọn èèyàn wa ní Peckham ní London àti ní Houston. Ohun tí kálukú wọn máa sọ fún Google yàtọ̀ síra. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn wọ ìsọ̀, tó wá ń náwó kó lè hàn ní Houston, kí ló ń wá lọ síbẹ̀?

Ẹ dáhùn ìbéèrè yẹn kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí i, gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí kò lè ràn án lọ́wọ́.

Bọ́tìnì tí kò sí mọ́

Ó ti wá dé ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ń dúró dè. Ní ọdún 2007, Google ṣe ohun kan sínú ibi tí àwọn tó ni ìkànnì ti ń bójú tó o. Webmaster Tools ni orúkọ ibẹ̀ nígbà náà. Ó di Search Console ní 2015. Láyé ìgbà náà, ẹ máa wọlé síbẹ̀, ẹ máa rí àkójọ orílẹ̀-èdè, ẹ máa yan Nàìjíríà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ó parí. Google ti gbọ́ pé Nàìjíríà lẹ ń tajà fún nìyẹn. Ẹni tó ní .com ló wúlò fún jù, torí .com kò sọ ìlú kankan. Ẹni tó ní .ng kò lè fi yí nǹkan kan padà, Google ti gbà pé Nàìjíríà ni. Ẹ tiẹ̀ lè pín ìkànnì kan sí yàrá-yàrá, kí ẹ fi yàrá kan fún Nàìjíríà, kí ẹ fi òmíràn fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ yan orílẹ̀-èdè fún ìkọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Google yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní àǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Láti ìgbà náà, kò síbi kankan ní Search Console tí ẹ ti lè yan orílẹ̀-èdè fún ìkànnì yín.

Ẹ lè ní kí ló kàn mí pẹ̀lú bọ́tìnì tó ti lọ. Ó kàn mí torí pé àwọn kan ṣì ń gba owó lórí rẹ̀! Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fẹ́ bá yín wọ Google lọ tẹ Nàìjíríà, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá yí ohùn padà, tó ní òun fẹ́ fi àmì ìlú pamọ́ sínú kóòdù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní geo meta tag, Google fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kì í wò ó. Owó yín á kàn lọ ni.

Ohun tí Google ń wò

Bí bọ́tìnì bá ti lọ, kí ló kù? Ẹ̀rí ló kù. Google á ka ìkànnì yín, á wo ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, á wá pinnu fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni orúkọ tí ìkànnì yín ń jẹ́, pàápàá ìparí rẹ̀. Láti 1995 ni .ng ti jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NiRA ló ń bójú tó o báyìí. .bj ni ti Benin, .tg ni ti Togo, .uk ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láyé àtijọ́, bí ẹ bá rí ilà lójú ẹnì kan, kò tíì la ẹnu tí ẹ ó ti mọ ìlú tó ti wá. Bí .ng ṣe rí gan-an nìyẹn. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tó jẹ́ pé Nàìjíríà nìkan ló ń tajà fún, .ng tàbí .com.ng, èyí tí agbára yín bá ká. Ṣùgbọ́n ilà kì í ṣeé fọ̀ nù. Ẹni tó bá ń jẹ́ .ng tó wá fẹ́ káwọn ará Houston rí òun bí ọmọ Houston, ojú rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ọjà yín kí ẹ tó ra orúkọ.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn kí orúkọ ìkànnì kúrú, wọ́n á lọ ra .co tàbí .tv tàbí .me tàbí .io, wọ́n á ní ó ń dán. Ẹ mọ̀ pé orílẹ̀-èdè àti erékùṣù ló ni gbogbo ìwọ̀nyẹn? Kòlóḿbíà ló ni .co. Tuvalu, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Pàsífíìkì, ló ni .tv. Montenegro ló ni .me. Anguilla ló ni .ai tí gbogbo ayé ń sáré rà báyìí. Kò sí ewu ńbẹ̀ o, Google ti kó gbogbo wọn mọ́ .com, kò kà wọ́n sí ti ìlú kankan. 2023 ló kó .ai mọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ní bá yín sọ ìlú yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ níbòmíràn.

Níbo? Lójú ìkànnì, níbi tí èèyàn ti lè kà á. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìsàlẹ̀ ojú ewé gbogbo la ti bẹ̀rẹ̀. A kọ orúkọ ìsọ̀ náà bó ṣe wà lára pátákó rẹ̀, a kọ "Ọjà Ìtòkú, Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn, Nàìjíríà", a kọ nọ́ńbà fóònù pẹ̀lú +234 níwájú. A yọ dọ́là, a fi náírà sí i. A kọ ojú ewé kan tó ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè ti Èkó wọkọ̀ dé ìsọ̀ náà, àti ọjọ́ tí aṣọ máa fi dé Ìbàdàn bí wọ́n bá fi rán awakọ̀. A pe àdìrẹ ní àdìrẹ: a kọ ẹlẹ́kọ síbi tó jẹ́ ẹlẹ́kọ, a kọ oníkó síbi tó jẹ́ oníkó, torí ẹni tó mọ aṣọ ni yóò tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń mú owó bọ̀.

Ẹ má fojú kéré kíkọ ìlú ní kíkún. Ẹ̀yin ń sọ pé "a wà ní Sábó". Sábó wo? Sábó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Yábàá, ó wà ní Ṣágámù, ó wà ní Ifẹ̀. Ẹ ní "Kétu". Kétu Èkó ni àbí Kétu tó wà ní ilẹ̀ Benin, ìlú Alákétu? Ìlú kan wà ní Pọ́túgà tó ń jẹ́ Lagos, létí òkun ní apá gúúsù, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń wọ́ lọ síbẹ̀, ìkànnì wọn sì pọ̀. Ẹni tó bá kọ "Lagos" lásán láìfi Nàìjíríà tì í ti darapọ̀ mọ́ wọn nìyẹn. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù: Abeokuta kan wà ní Jàmáíkà, ní agbègbè Westmoreland, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó dé ọ̀hún ló gbé orúkọ náà lọ.

Àwọn tó bá tún dárúkọ yín jẹ́ ẹ̀rí. Bí ìkànnì ìwé ìròyìn ìlú yìí, tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan níbí, tàbí ẹgbẹ́ aládìrẹ bá sọ̀rọ̀ yín tí wọ́n sì so ìkànnì yín mọ́ ọ̀rọ̀ náà, Google ń rí i. Ní ti ibi tí ẹ̀rọ tó gbé ìkànnì yín dúró wà, èyí tí wọ́n ń pè ní server, ẹ má jẹ́ kó mú oorun kúrò lójú yín. Google lè wò ó, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìkànnì ilẹ̀ wa ló ń gbé lórí ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn wọ ìsọ̀

Bóyá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yín ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, nítorí náà ẹ tẹ́tí. Ìkànnì tiẹ̀ lè má jẹ́ ohun tó kù fún yín rárá. Ohun tó kù ni kí ìsọ̀ yín wà lórí máàpù Google. Google Business Profile ni wọ́n ń pè é láti 2021. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí Google My Business. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè san owó fún Google kó lè wà lókè níbẹ̀, ẹni tó bá ní òun lè bá yín san án, irọ́ ló ń pa.

Kí ni Google ń wò kó tó gbé ìsọ̀ kan sókè ju èkejì lọ? Ó ń wò ó bóyá ohun tí ẹ ń tà bá ohun tí ẹni náà tẹ̀ mu. Ó ń wo bí ẹ ṣe jìnnà sí ẹni náà tó. Ó ń wo òkìkí yín: àwọn tó ti sọ̀rọ̀ yín, àwọn tó fi ìràwọ̀ fún yín, ibi tí orúkọ yín ti jáde. Ti jíjìnnà, kò sóhun tí ẹ lè ṣe sí i, Ìtòkú ò lè ṣí lọ sí Ìkẹjà. Àwọn méjì yòókù ni iṣẹ́ yín.

Àwọn kan á wá sọ pé àwọn gbọ́n. Orúkọ ìsọ̀ wọn lè jẹ́ "Ìyá Ìbejì Àdìrẹ", ṣùgbọ́n lórí Google wọ́n á kọ ọ́ ní "Ìyá Ìbejì Àdìrẹ Best Cheap Adire Abeokuta Lagos Ibadan Wholesale". Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà lára pátákó yín? Google ní òfin lórí rẹ̀: orúkọ tí àwọn èèyàn mọ̀ yín sí ni kí ẹ kọ. Wọ́n lè ti ojú ìwé náà pa, kí òkìkí tí ẹ ti fi ọdún pípẹ́ kó jọ lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé ìsọ̀ náà wà lóòótọ́, fídíò ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè báyìí. Ẹ jẹ́ kí pátákó hàn nínú rẹ̀, kí òpópónà hàn, kí ẹ sì fi hàn pé ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà. Ìsọ̀ tí kò ní nọ́ńbà ilé ńkọ́? Ẹ tẹ ìka yín mọ́ ibi tí ìsọ̀ wà lórí Google Maps, kí ẹ má gbé e kúrò, títí àmì pupa á fi yọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ máa rí létà àti nọ́ńbà díẹ̀ tí àmì ìròpọ̀ wà láàrin wọn, tí orúkọ ìlú tẹ̀ lé. Plus code nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ ìyẹn sínú máàpù rẹ̀, iwájú ìsọ̀ yín ló máa já sí. Ẹ kọ ọ́ sára káàdì, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó sàn ju "ẹ dé ọ̀dọ̀ alágbàdo, ẹ yà sí ọ̀tún, ẹ béèrè mi" lọ, torí alágbàdo kì í jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀.

Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa gbà kọ orúkọ, ibi tí ẹ wà àti nọ́ńbà yín níbi gbogbo: lórí Google, lójú ìkànnì, lórí Facebook, lórí Instagram. Bí nọ́ńbà mẹ́ta bá wà níbi mẹ́ta, èwo ni kí oníbàárà gbà gbọ́?

Ẹni tó ń tà fún ìlú méjì

Ó wá ku àwọn tí aṣọ wọn ń wọ bàálù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín ló dé yìí.

Bí ẹ bá ń tà fún Nàìjíríà àti fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan wà fún kálukú wọn. Náírà àti owó awakọ̀ á wà nínú ti ibí. Pọ́n-ùn, owó ìfiránṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ owó orí ibodè á wà nínú ti ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fi àmì tí wọ́n ń pè ní hreflang sí orí méjèèjì. Láti 2011 ni Google ti ń lò ó, kò sì yọ ọ́ nígbà tó yọ bọ́tìnì yẹn. Ohun tí àmì náà ń sọ fún Google ni pé: "Ojú ewé yìí ní arákùnrin. Èyí ni kí o fi han ẹni tó wà ní Nàìjíríà, ìyẹn ni kí o fi han ẹni tó wà ní London." en-ng lẹ máa kọ fún Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà, en-gb fún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ní oníbàárà ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ tó ń ka Faransé, fr-bj ni. Ojú ewé tó jẹ́ Yorùbá, yo. Ẹni tí ìlú rẹ̀ kò sí nínú èyíkéyìí, x-default á gbà á sílé.

Ibi méjì ni àwọn èèyàn ti sábà ń ṣubú. Wọ́n á kọ en-uk. Kò sí en-uk! GB ni àmì ilẹ̀ náà nínú àkójọ tí Google ń tẹ̀ lé. Wọ́n á tún fi àmì sí orí ojú ewé kan, wọ́n á gbàgbé èkejì. Bí ti Nàìjíríà bá ní ti London ni arákùnrin òun, ti London náà gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Google kò ní ka ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sí. Ẹ má sì kọ ng nìkan, èdè ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ kóòdù dáadáa gbé ọgbọ́n mìíràn kalẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí ìkànnì máa wo ibi tí èèyàn ti wọlé: ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọlé, kó rí náírà, ẹni tó bá ti òkèèrè wọlé, kí ìkànnì gbé e lọ síbi dọ́là ní tipátipá. Ó dáa lójú, àbí? Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú ewé náírà pòórá nínú Google. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ tí Google fi ń ka ìkànnì, Amẹ́ríkà ló ti sábà ń wá. Gbogbo ìgbà tó bá kanlẹ̀kùn, ìkànnì á gbé e lọ síbi dọ́là. Kò fojú kan náírà mọ́. Ẹ fi ìlà kékeré kan sókè, "Ṣé London lẹ wà? Ẹ tẹ ibí," kí ẹ jẹ́ kí èèyàn yàn fúnra rẹ̀.

Àwọn kan sì wà tó máa kọ ojú ewé kan, wọ́n á da á kọ fún ogún ìlú, orúkọ ìlú nìkan ni wọ́n á yí padà: "Àdìrẹ ní Ìbàdàn", "Àdìrẹ ní Oṣogbo", "Àdìrẹ ní Àkúrẹ́", nígbà tí wọn ò ní ìsọ̀ ní ọ̀kankan nínú wọn. Google ka ìyẹn sí ẹ̀tàn, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú òfin wọn. Èmi náà kà á sí ẹ̀tàn.

Ẹ má fi fóònù ara yín dánwò

Kékeré lèyí. Bí ẹ bá parí gbogbo rẹ̀, ẹ máa fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ máa jókòó sínú ìsọ̀, ẹ máa tẹ "àdìrẹ", ẹ máa rí ara yín lókè pátápátá, ẹ máa jó. Ẹ dúró ná. Fóònù yín mọ̀ pé inú ìsọ̀ yín lẹ wà! Ẹ pe àbúrò yín tó wà ní Ìbàdàn, kó tẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, kó ya àwòrán ohun tó rí ránṣẹ́.

Àwọn tó sì ń tẹ google.com.ng torí kí wọ́n lè rí ti Nàìjíríà, tàbí google.co.uk torí kí wọ́n lè rí ohun tí ará London ń rí, ìyẹn ti lọ láti oṣù kẹwàá 2017. Ibi tí ẹni náà wà ni Google ń wò. Ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n tiẹ̀ kéde pé àwọn máa darí gbogbo àdírẹ́sì ìlú-ìlú bẹ́ẹ̀ lọ sí google.com.

Ìbéèrè

Ìyá kan béèrè pé: "Ọ̀gbẹ́ni, ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Peckham. Mo ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí i, ó ń tà á nínú ilé. Ṣé kí a ra .co.uk, kí a sì fi ilé rẹ̀ sórí máàpù?"

Ẹ ṣé, Mà. Ẹ má tíì ra .co.uk, torí ìkànnì méjì ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú nìyẹn, owó méjì, wàhálà méjì. .com tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ tó. Ẹ ṣí ojú ewé fún London nínú rẹ̀, kí iye ibẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn, kí nọ́ńbà fóònù ọmọ yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú +44, kí ẹ sì fi en-gb sí i. Ti máàpù, ẹ bi í ní ohun kan: ṣé ó máa ń rí oníbàárà lójúkojú? Bó bá ń gbé aṣọ lọ bá wọn nílé, ó lè wà níbẹ̀, kó pa àdírẹ́sì ilé rẹ̀ mọ́, kó kọ àwọn àdúgbò tó máa ń dé. Google gbà tó ogún. Bó bá jẹ́ pé inú àpótí ìfìwéránṣẹ́ nìkan ló ń kó o sí, tí kò rí ẹnikẹ́ni, kò yẹ kó wà lórí máàpù, ojú ewé London yẹn ló máa ṣiṣẹ́ fún un.

Ọ̀dọ́ kan láti ẹ̀yìn béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ Sà, bí mo bá kọ ojú ewé mi ní Yorùbá, ṣé Google á mọ̀ pé Yorùbá ni, àbí mo gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan sínú kóòdù?"

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè kà lójú ewé ni Google fi ń mọ èdè, kì í ṣe ohun tí o bá kọ sínú kóòdù. Nítorí náà má kọ ìdajì Yorùbá ìdajì Gẹ̀ẹ́sì sójú ewé kan. Kọ ọ́ tán ní Yorùbá, kí bọ́tìnì ibẹ̀ náà jẹ́ Yorùbá, "Ra á" dípò "Buy now". Fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa, ṣùgbọ́n rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí i bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Jẹ́ kí "adire" tí kò ní àmì wà nínú àdírẹ́sì ojú ewé náà. Kí o sì tún kọ "Abẹ́òkúta, Nàìjíríà" sísàlẹ̀, torí Yorùbá nìkan kò sọ ibi tí o wà. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Kétu méjèèjì.